Ẹnu Mẹ́rin Péré: Bí A Ti Ń Kọ Orin fún Ẹ̀rọ Eré Àtẹ́lẹwọ́

Ọ̀rọ̀ orin ni ọ̀rọ̀ òní, ṣùgbọ́n kì í ṣe orin agbo ìlù, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti dùùrù ilé ìsìn. Orin tí ń ti inú ẹ̀rọ kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ jáde ni. Nítorí àtifi ṣeré ni a ṣe ṣe ẹ̀rọ náà. Àwọn ènìyàn kan ni ó wá sọ ọ́ di ohun èlò orin nígbà tí àwọn mìíràn ti ń jù ú sí ẹ̀yìn ilé.

Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹrin, ọdún 1989, ni ilé-iṣẹ́ Nintendo ti ìlú Kyoto ní ilẹ̀ Japan gbé ẹ̀rọ náà jáde sí ọjà, tí wọ́n sì sọ orúkọ rẹ̀ ní Game Boy. Gunpei Yokoi ni olórí àwọn tí ó pilẹ̀ rẹ̀. Ọkùnrin yìí ní èrò kan tí a mọ̀ mọ́ ọn, pé kò yẹ kí a máa sáré tẹ̀ lé ohun tuntun tí owó rẹ̀ gun òkè. Ohun tí ó ti pẹ́ lọ́jà, tí ó ti dínwó, tí gbogbo ènìyàn ti mọ àléébù rẹ̀, ni kí a wá ọ̀nà tuntun láti lò. Nítorí náà ojú ẹ̀rọ náà kò ní àwọ̀ mèremère. Ìpele dúdú mẹ́rin péré ni ó lè fi hàn, kò sì ní iná nínú, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó bá fẹ́ fi ṣeré lálẹ́ ní láti jókòó ti àtùpà. Bátìrì kéékèèké 4 ni ó ń lò. Àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn gbé ẹ̀rọ tí ó ní àwọ̀ jáde láti bá a du ọjà, ṣùgbọ́n bátìrì tiwọn kì í pẹ́ kú, Game Boy sì borí wọn. Nígbà tí a fi máa dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró ní 2003, iye tí a ti tà, pẹ̀lú àbúrò rẹ̀ tí ó ní àwọ̀, ti lé ní mílíọ̀nù 118.

Ẹnu mẹ́rin ni ẹ̀rọ yìí ní láti fi kọrin. Méjì nínú wọn jọ ara wọn. Iná mànàmáná ni ó ń tàn tí ó sì ń kú lemọ́lemọ́ nínú wọn, ìwọ̀n àkókò tí ó fi wà ní títàn ni ó sì ń sọ irú ohùn tí yóò jáde. Bí ó bá tàn fún ìdajì àkókò tí ó sì kú fún ìdajì, ohùn a kún, a sì dún bí fèrè oníhò. Bí ó bá jẹ́ ìdá kan nínú 4 ni ó fi tàn, ohùn a mú díẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìdá kan nínú 8, ohùn a tín-ín-rín, a sì gba imú jáde. Ìdá mẹ́ta nínú 4 náà wà, ṣùgbọ́n etí ènìyàn kò lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ìdá kan nínú 4, nítorí náà ohùn mẹ́ta ni ó wà níbẹ̀ ní tòótọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé mẹ́rin ni ìwé kà.

Ẹnu kẹta yàtọ̀. Òun ni akọrin lè ya ìrísí ohùn rẹ̀ fúnra rẹ̀, bí ẹni tí ń ya òkè àti pẹ̀tẹ́lẹ̀ sórí ìwé. Ìṣísẹ̀ 32 ni a fún un, ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì lè dúró sí ọ̀kan nínú ibi gíga 16. Púpọ̀ nínú àwọn akọrin a máa fi ẹnu yìí gbé ohùn ìsàlẹ̀, èyí tí a ń pè ní báàsì nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ẹnu kẹrin kò mọ dò tàbí mì. Híhó ni ó ń hó, bí òjò tí ń rọ̀ sórí páànù. Ẹni tí ó bá dá híhó náà dúró kíákíá, ìlù ni yóò gbọ́. Ẹni tí ó bá jẹ́ kí ó rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìgbì òkun tàbí àdó olóró ni.

Ẹni tí ó bá mọ agbo dùndún kò ní í pẹ́ kí èyí tó yé e. Ìyá ìlù ni ó ń sọ̀rọ̀, kẹríkẹrì ń gbè é, gúdúgúdú kò gbọdọ̀ yẹsẹ̀, kò sì sí èyí tí ń ṣe iṣẹ́ èkejì. Ṣùgbọ́n bí agbo dùndún bá rí i pé ìlù kò kún tó, wọn lè pe onílù kan sí i láti ìta. Game Boy kò lè pe ẹnikẹ́ni. Èyí tí ó tún burú jù ni pé eré fúnra rẹ̀ a máa yá ẹnu lò lọ́wọ́ orin. Bí ẹni inú eré bá fò, tàbí tí ó yìnbọn, ọ̀kan nínú ẹnu mẹ́rin náà ni yóò pa orin tì fún ìgbà díẹ̀ láti pariwo yẹn, tí yóò sì tún padà sínú orin bí ẹni pé kò lọ síbì kan. Akọrin tí kò bá ro èyí tẹ́lẹ̀ yóò gbọ́ orin rẹ̀ bí aṣọ tí eku jẹ.

Ọ̀kan nínú àwọn tí ó ṣètò ohùn ẹ̀rọ yìí ni Hirokazu Tanaka, onímọ̀ ẹ̀rọ tí ó wọ iṣẹ́ Nintendo ní 1980. Òun kan náà ni ó tún kọ orin púpọ̀ fún un: orin eré Super Mario Land ti 1989 jẹ́ tirẹ̀, òun ni ó sì ṣètò orin Tetris fún Game Boy ní ọdún kan náà. Ẹni tí ó gbẹ́ ìlù ni ó lù ú, ó sì mọ ibi tí awọ ti le àti ibi tí ó ti rọ̀. Tetris jẹ́ eré tí Alexey Pajitnov ṣe ní ìlú Moscow ní 1984. Ọ̀kan nínú orin tí Tanaka fi sí i ni orin àbáláyé ilẹ̀ Rọ́ṣíà kan nípa àwọn aláte tí ń kiri ọjà, èyí tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Korobeiniki. Ní Amẹ́ríkà, inú páálí kan náà ni a ń ta Tetris àti Game Boy pọ̀. Nípa bẹ́ẹ̀ orin àwọn aláte ìgbà láéláé di èyí tí àwọn ọmọ tí kò mọ ọ̀nà Rọ́ṣíà ń fi ẹnu súfèé rẹ̀ káàkiri ayé, tí ó sì jẹ́ pé ẹnu mẹ́rin yìí ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Ẹnu kan kò lè kọ ju ohùn kan lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí akọrin bá fẹ́ kí dò, mì àti sò dún pọ̀, bí ẹgbẹ́ akọrin ti ń ṣe, ẹnu mẹ́ta ni yóò gbà, ẹyọ kan ṣoṣo ni yóò sì kù fún gbogbo iṣẹ́ ìyókù. Ọgbọ́n tí àwọn akọrin ẹ̀rọ dá sí i ni pé kí ẹnu kan máa fò láti orí dò sí mì, láti orí mì sí sò, kí ó sì tún padà sí dò, kíákíá tó bẹ́ẹ̀ tí ohùn fi ń yí padà ní nǹkan bí ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ọmọdé bá mú igi tí ń jó lọ́wọ́ nínú òkùnkùn, tí ó sì ń fì í yí po, òbìrí iná ni ojú ń rí, kì í ṣe ẹyọ iná kan. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni etí ṣe ń kó ohùn mẹ́ta yìí pọ̀ di ọ̀kan. Ìwárìrì díẹ̀ a kù lára rẹ̀, ìwárìrì náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sì fi ń dá orin ẹ̀rọ eré mọ̀ títí di òní. Ohun tí àìní bí ni, ó sì ti di ẹwà.

Níbo wá ni a ti ń kọ irú orin báyìí? Ìwé orin ilé ẹ̀kọ́, èyí tí ó ní ìlà márùn-ún, kò bá ẹ̀rọ mu, nítorí nọ́ńbà nìkan ni ẹ̀rọ gbọ́. Ní 1987 ni Karsten Obarski, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ṣe ètò kan fún kọ̀ǹpútà Amiga, tí ó pè ní Ultimate Soundtracker. Láti ara orúkọ yẹn ni a ti ń pe gbogbo irú ètò bẹ́ẹ̀ ní tracker. Kọ̀ǹpútà Amiga náà ní ẹnu mẹ́rin, nítorí náà òpó mẹ́rin ni Obarski fà sí ojú ẹ̀rọ, ọ̀kan fún ẹnu kọ̀ọ̀kan. Òkè ni orin ti ń bẹ̀rẹ̀, ìsàlẹ̀ ni ó ń ṣàn lọ bí omi òrùlé. Ìlà 64 ni ó wà nínú abala kan, ìlà kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ìṣẹ́jú kékeré kan nínú orin. Ibi tí akọrin bá kọ orúkọ ohùn sí ni ohùn yóò ti dún. Ibi tí ó bá fi sílẹ̀ lófìfo ni ohùn tí ó wà tẹ́lẹ̀ yóò máa bá a lọ. Ètò Obarski kò mú owó púpọ̀ wá fún un. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ kan ní ilẹ̀ Yúróòpù tú u palẹ̀, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì ń fi èyí tí wọ́n tún ṣe ta ara wọn lọ́rẹ, títí irú rẹ̀ fi pọ̀ lọ rẹpẹtẹ.

Junichi Masuda, ẹni tí ó kọ orin eré Pokémon àkọ́kọ́ tí ó jáde ní Japan ní oṣù kejì ọdún 1996, lo kọ̀ǹpútà Amiga nílé ara rẹ̀ láti fi kọ orin náà. Ó wá ṣe ètò kan fúnra rẹ̀ tí ń yí ohun tí ó bá kọ sórí Amiga padà sí èdè tí Game Boy gbọ́. Gbogbo orin ìlú, ti igbó àti ti ìjà inú eré náà, ẹnu mẹ́rin yẹn ni ó ń kọ wọ́n, igbe àwọn ẹranko 151 inú rẹ̀ pẹ̀lú. Ó kù díẹ̀ kí ayé má gbọ́ wọn rárá. Masuda ti sọ ọ́ ní gbangba lẹ́yìn ọdún púpọ̀ pé nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́, kọ̀ǹpútà tí iṣẹ́ eré náà wà nínú rẹ̀ dákú lójijì pẹ̀lú iṣẹ́ ọdún mélòó kan, kò sì sí ẹni tí ó mọ bí a ó ti rí i gbà padà. Wọ́n bèèrè lọ́tùn-ún, wọ́n bèèrè lósì, wọ́n tú ìwé ilẹ̀ òkèèrè wò, kí ọ̀nà tó là.

Títí di àkókò yẹn, ẹni tí yóò kọ orin fún Game Boy ní láti jókòó ti kọ̀ǹpútà ńlá. Ní 1998 ni Oliver Wittchow ti ilẹ̀ Jámánì ṣe Nanoloop, ètò orin tí ó wà nínú kátíríìjì, èyíinì ni àpótí pẹlẹbẹ kékeré tí a ń kì bọ ẹ̀yìn Game Boy bí a bá fẹ́ ṣeré. Ní nǹkan bí ọdún méjì lẹ́yìn náà ni Johan Kotlinski, ọmọ ilẹ̀ Sweden, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tirẹ̀, tí a mọ̀ sí Little Sound Dj, tàbí LSDj ní kúkúrú. Tracker pátápátá ni èyí, inú Game Boy fúnra rẹ̀ ni ó sì ń gbé. Akọrin lè wà nínú ọkọ̀ ojú irin, kí ó máa kọ orin lọ lórí ẹ̀rọ àtẹ́lẹwọ́, bátìrì 4 péré ni ó ń jẹ.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọwọ́ akọrin bẹ́ẹ̀ bí ó ti ń ṣiṣẹ́. Bọ́tìnì tí ó ní kò ju ti ọmọ tí ń ṣeré lọ: àgbélébùú tí ń tọ́ka sí òkè, ìsàlẹ̀, ọ̀tún àti òsì, lẹ́yìn náà A, B, Start àti Select. Ó tẹ A, ohùn kan bọ́ sórí ìlà. Ó di A mú, ó tẹ ọ̀tún, ohùn náà gun ìdajì ìṣísẹ̀ kan sókè. Ó di A mú, ó tẹ òkè, ohùn fò láti dò ìsàlẹ̀ dé dò òkè. Ìlà 16 ni ó ń kún báyìí, ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọwọ́. Ìlà 16 yìí ni ẹsẹ orin kan. A ń so àwọn ẹsẹ pọ̀ di ẹ̀wọ̀n, a sì ń to àwọn ẹ̀wọ̀n sí òpó mẹ́rin, ọ̀kan fún ẹnu kọ̀ọ̀kan, títí gbogbo orin fi pé. Nítorí pé àyè inú ẹ̀rọ kò tó nǹkan, ọlọ́gbọ́n akọrin kì í kọ ohun kan lẹ́ẹ̀mejì. Ẹsẹ kan náà ni yóò pè ní ibi mẹ́wàá, tí yóò sì ní kí ẹ̀wọ̀n gbé e sókè níhìn-ín, kí ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lọ́hùn-ún, tí olùgbọ́ yóò fi rò pé ẹsẹ tuntun ni.

Nọ́ńbà tí ẹ̀rọ fi ń ka àwọn ìlà wọ̀nyí lè kọ́kọ́ rú ni lójú. Yorùbá ń ka ogún ogún, Òyìnbó ń ka mẹ́wàá mẹ́wàá, ẹ̀rọ yìí ń ka 16, 16. Láti 0 dé 9 ni ó ń kà bí ti ilé ẹ̀kọ́, lẹ́yìn náà ni ó mú lẹ́tà A dípò 10, B dípò 11, títí dé F tí í ṣe 15. Bí akọrin bá fẹ́ ọgbọ́n igi tí ń jó tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́tà C ni yóò kọ sí ẹ̀gbẹ́ ohùn, pẹ̀lú 4 àti 7. Láti dò dé mì jẹ́ ìdajì ìṣísẹ̀ 4. Láti dò dé sò jẹ́ 7. Bí ó bá fi 3 rọ́pò 4, orin ayọ̀ di orin arò. Ìyàtọ̀ nọ́ńbà ẹyọ kan ni ó yà wọ́n.

Àwọn kan a máa wí pé ẹ̀rọ ni ó ń kọ irú orin yìí, kì í ṣe ènìyàn. Ẹni tí ó bá ti rí i bí a ti ń ṣe é kò lè wí bẹ́ẹ̀. Kò sí ohùn kan níbẹ̀ tí ọwọ́ ènìyàn kò gbé síbẹ̀. Onílù tí ń lu ìlù nínú agbo ní ohun púpọ̀ tí awọ àti igi ń bá a ṣe láìjẹ́ pé ó bẹ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n akọrin tracker ní láti sọ fún ẹ̀rọ bí ohùn yóò ti bẹ̀rẹ̀, bí yóò ti gbọ̀n, àti bí yóò ti kú. Ní 2003, Malcolm McLaren, Gẹ̀ẹ́sì kan tí a mọ̀ nínú ọ̀ràn orin ní ìlú London, kọ ọ̀rọ̀ gígùn sínú ìwé ìròyìn Wired ti Amẹ́ríkà láti gbé orin yìí lárugẹ. Inú àwọn kan nínú àwọn tí ń kọ ọ́ kò dùn sí ohun tí ó kọ, wọ́n ní kò mọ ilé wọn dáadáa kó tó sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Láti 2006 títí di 2012 ni wọ́n ń péjọ fún àjọ̀dún Blip ní New York, níbi tí akọrin a ti gun orí pèpéle pẹ̀lú Game Boy kan tàbí méjì, tí ogunlọ́gọ̀ ènìyàn yóò sì máa jó.

Ewu tí ó wà nínú iṣẹ́ náà kò tíì tán. Inú kátíríìjì tí orin LSDj ń gbé, bátìrì róbótó kan wà, pẹlẹbẹ bí owó onírin. Bátìrì yẹn ni ó ń ṣọ́ orin nígbà tí a bá pa ẹ̀rọ. Kì í ṣe òun ni ń gbé Game Boy ṣiṣẹ́, nítorí náà ènìyàn a máa gbàgbé pé ó wà. Ó lè lo ọdún púpọ̀. Ọjọ́ tí ó bá kú, kò ní í kígbe, kò sì ní í ṣẹ́jú. Akọrin yóò tan ẹ̀rọ rẹ̀ ní òwúrọ̀, ètò yóò ṣí bí ti àtẹ̀yìnwá, òpó mẹ́rin yóò sì wà lófìfo. Orin 32 ni ètò náà lè tọ́jú, gbogbo wọn a sì lọ pọ̀. Ẹni tí ó bá yọ bátìrì náà láti pààrọ̀ rẹ̀ láìkọ́kọ́ da orin kọ sí ibòmíràn ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa wọ́n, nítorí ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tí kò fi sí iná níbẹ̀ tó láti nu ohun gbogbo nù.

Nítorí náà àwọn tí ó gbọ́n nínú wọn ń ra ẹ̀rọ kékeré tí a ń ki kátíríìjì bọ̀, tí ń da ohun tí ó wà nínú rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà. Wọ́n ń ṣe èyí lóòrèkóòrè. Àwọn kátíríìjì kan tí a ń ṣe nísinsìnyí kò lo bátìrì mọ́ láti ṣọ́ orin.

Ẹni tí kò ní Game Boy rárá náà kò tì sí ìta. Àwọn ètò wà tí ń mú kí kọ̀ǹpútà lásán ṣe bí Game Boy, ẹnu mẹ́rin náà ni, kò fi kún un. hUGETracker jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tracker tí a ń fi kọ orin Game Boy lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ni a sì ń fún ni. Láti 2019 ni GB Studio, iṣẹ́ Chris Maltby, ti wà fún ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe eré tuntun fún Game Boy láìmọ èdè kọ̀ǹpútà, orin tí a fi hUGETracker kọ sì lè wọ inú irú eré bẹ́ẹ̀. Bí a bá kọ eré náà sínú kátíríìjì, tí a sì kì í bọ ẹ̀yìn Game Boy tí a ṣe ní 1989, tí a fi bátìrì 4 sí i, yóò kọ orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.